Ọmọ tó ń kọrin l'Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀lẹ: Ọ̀rọ̀ rèé fún bàbá àgbà àti ìyá àgbà tó wà nílé

Ìpè tó máa ń wọlé láti Houston lálẹ́ Sátidé kì í pẹ́ di àríyànjiyàn. Ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé fóònù fún ọmọ-ọmọ òun, wọ́n á ní kò sí nílé, pé ó wà níbi ìdánrawò orin. Bàbá àgbà tó ti ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ á gba fóònù náà. Orin kẹ̀? Ṣé ti ṣọ́ọ̀ṣì ni? Wọ́n á ní rárá o, sà, ti ilé-ìwé ni, ọmọ náà ń múra ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní All-State. Baba á dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí gbogbo wọn ti ń retí á wá jáde: ṣé nítorí àtikọrin lẹ ṣe ta ilẹ̀, tí ẹ fi kó lọ sí òkè òkun?

Kì í ṣe ilé kan ṣoṣo ni irú ọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣẹlẹ̀. Houston wà lára àwọn ìlú tí ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí jù lọ ní Amẹ́ríkà, àwọn Yorùbá ò sì kéré láàárín wọn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba, ilé-ìwé ìjọba ní Texas ò sì fi orin ṣeré. Òfin ìpínlẹ̀ náà ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kò lè gba ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé girama láìṣe ó kéré tán ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọnà, ìbáà jẹ́ àwòrán yíyà, eré orí ìtàgé, ijó tàbí orin. Àwọn tó bá mú orin ló ń bọ́ sínú ẹgbẹ́ akọrin, bándì onífèrè tàbí ọkẹ́sírà tó ń ta gòjé òyìnbó. Ibẹ̀ ni ọ̀nà All-State ti bẹ̀rẹ̀.

Àgbà tó bínú ò jẹ̀bi. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún ni kì í ṣàlàyé, torí pé púpọ̀ nínú àwọn fúnra wọn ò mọ ohun tí ọmọ wọn ń ṣe. Wọ́n kàn mọ̀ pé àwọn ń wa mọ́tò lọ gbé e ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, pé kò sì sí ẹni tó ń sanwó epo fún àwọn.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé. Àwọn olùkọ́ orin ní Texas ní ẹgbẹ́ kan, Texas Music Educators Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1920. Ẹgbẹ́ náà pín ìpínlẹ̀ yìí sí ẹkùn 33, wọ́n wá kó àwọn ẹkùn náà jọ sí àgbègbè 8. Orin tí wọ́n máa fi dán àwọn ọmọ wò máa ń jáde nígbà ooru, nígbà tí ilé-ìwé wà ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn. Ọmọ tó bá gbọ́n kò ní dúró di ìgbà tí wọ́n bá wọlé kó tó gbé e sọ́wọ́. Láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kejìlá, wọ́n á máa ṣe ìdánwò ẹkùn. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún tuntun ni ti àgbègbè. Àwọn tó bá yege níbẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí ìlú San Antonio lóṣù Kejì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń lo ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀gá orin tí wọ́n pè lálejò, tí wọ́n á wá fi eré ńlá kádìí rẹ̀ níwájú èrò. Àwọn ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò yìí lọ́dọọdún lé ní 70,000. Àwọn tó ń dé San Antonio ò tó 2,000. Nínú 100 ọmọ tó jáde nílé, kò pé mẹ́ta tó ń dé ibẹ̀. Ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn ń ké lé lórí, kì í yọ ọmọ dànù tó báyìí.

Ohun tó yẹ kó dùn mọ́ àgbàlagbà nínú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni aṣọ ìkélé. Nínú ìdánwò ẹgbẹ́ orin, pàápàá ti àwọn tó ń fun fèrè, wọ́n máa ń ta aṣọ tàbí kí wọ́n gbé pátákó sí àárín iyàrá. Àwọn adájọ́ á jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ á wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà, kì í ṣe pẹ̀lú orúkọ. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sókè. Bó bá ní ohun tó fẹ́ béèrè, ẹni tó ń mójú tó iyàrá ni yóò sọ ọ́ fún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Àwọn adájọ́ ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, wọn ò mọ̀ bóyá dúdú ni tàbí funfun, wọn ò mọ ilé-ìwé tó ti wá. Ohun tí etí wọn bá gbọ́ nìkan ni wọ́n ń fún ní máàkì. Àwọn ọkẹ́sírà ńláńlá ti àwọn àgbà l'Amẹ́ríkà ló sọ aṣọ yìí di àṣà, pàápàá láti àwọn ọdún 1970 síwájú, nígbà tí àríwísí pọ̀ pé ọkùnrin òyìnbó nìkan ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Àwọn mìíràn tiẹ̀ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí adájọ́ má baà gbọ́ ìró bàtà onígìgísẹ̀, kó fi mọ̀ pé obìnrin ló ń bọ̀.

Ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ rí nílẹ̀ yìí, tí wọ́n bi í pé ta ló rán an wá, yóò mọ iṣẹ́ tí aṣọ náà ń ṣe. Ọmọ tí orúkọ bàbá rẹ̀ gùn, tí òyìnbó ò lè pè é tán, orúkọ náà ò ní dí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọlọ́lá: kò sí ìwé pélébé tí bàbá rẹ̀ lè kọ ránṣẹ́ sẹ́yìn aṣọ.

Ti àwọn akọrin tún ní ibi kan tó le jù. Yàtọ̀ sí orin tí wọ́n ti fún wọn láti ìgbà ooru, bí ìdánwò bá ti ń ga sí i, wọ́n á gbé orin kékeré kan tí wọn ò rí rí síwájú wọn, wọ́n á fún wọn ní ìwọ̀nba àkókò láti wò ó, wọ́n á ní ó yá, ẹ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ Texas ló jẹ́ pé sọ́fà ni wọ́n fi ń kà á. Bẹ́ẹ̀ ni, sọ́fà, dò-rè-mí tí bàbá àgbà fúnra rẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ tíṣà ìjọ, tí wọ́n kọ sára pátákó, tí tíṣà ń fi ọ̀pá tọ́ka sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tó bá ṣì í kọ á sì jẹ nínú ọ̀pá náà. Àwọn ọmọ yìí a máa fi ọwọ́ ṣe àmì rẹ̀ níwájú àyà bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, àmì kan fún ohùn kan. John Curwen, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tó kú ní 1880, ló sọ sọ́fà di ohun tí mẹ̀kúnnù lè kọ́, lórí iṣẹ́ tí obìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sarah Glover ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì ló gbé e dé ilẹ̀ Yorùbá. Nítorí náà, bí ọmọ-ọmọ bá ń kọ sọ́fà lórí fóònù, kí baba má sọ pé òun ò mọ èdè tó ń sọ. Ó ṣeé ṣe kí baba mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ àgbà ni pé orin yóò gba ìwé mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àwọn aṣòfin Texas náà ní irú ẹ̀rù yìí, tiwọn tiẹ̀ le. Ní 1984, wọ́n ṣe òfin kan pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá gba 70 nínú 100 nínú iṣẹ́ kankan, ìbáà ṣe ìṣirò, ìbáà ṣe ìtàn, kò gbọdọ̀ bá wọn kópa nínú ìdíje tàbí eré tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn kíláàsì fún odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni àwọn èèyàn rò pé ó fa òfin náà, ṣùgbọ́n ó kó àwọn olórin mọ́ ọn. Ní 1995, wọ́n dín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yìí kù sí mẹ́ta, wọ́n sì yọ àwọn iṣẹ́ kan tó le gan-an sílẹ̀, àmọ́ òfin náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọmọ tó lè kọrin bí ẹyẹ, tí kò ka ìwé rẹ̀, wọ́n lè fi sílẹ̀ sílé lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì bá ń lọ. Tó bá jẹ́ pé ohun tí baba ń bẹ̀rù nìyí, ìjọba Texas ti bá a ṣe é.

Ọ̀gá orin tí wọ́n pè lálejò ni orúkọ rẹ̀ máa ń tóbi jù nínú ìwé ètò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀jọ̀gbọ́n ni láti yunifásítì kan, bóyá láti ìpínlẹ̀ tó jìnnà. Kò mọ àwọn ọmọ náà rí. Wọ́n á kó wọn síwájú rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ọmọ tó jẹ́ pé oníkálukú wọn ló ń gba ipò kìn-ín-ní nílé-ìwé tirẹ̀, ó sì ní láti sọ wọ́n di ohùn kan kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Iṣẹ́ kékeré kọ́ o. Akọrin mẹ́wàá tó mọ̀ ọ́n kọ, tí kálukú ń fẹ́ kí wọ́n gbọ́ tòun, ń dààmú ọ̀gá ju akọrin mẹ́wàá tí kò mọ nǹkan kan lọ. Ẹni tó bá ti darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rí mọ̀ pé òótọ́ ni. Nítorí náà, ohun tí àlejò kọ́kọ́ ń kọ́ wọn ni bí wọ́n ṣe máa gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Á ní kí wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, kí wọ́n jọ mí, kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ bákan náà, kí wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ ọba nílé tirẹ̀ á wá rí i pé ọba pọ̀ nílùú.

Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ò lè gbin nǹkan kan kó sì kó o. Ohun tó ti hù ni àlejò ń ro ìdí rẹ̀. Ẹni tó gbìn ín ni olùkọ́ tó wà ní ilé-ìwé ọmọ náà, tó ń dé ibi iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, tó ti fi fèrè sí ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ́nu nígbà tí ìró rẹ̀ ṣì dà bí igbe ewúrẹ́ tó há sọ́gbà. Orúkọ olùkọ́ yẹn kì í sí lára pátákó ìkéde. Lọ́jọ́ eré, ó wà láàárín èrò, ó ń wo ẹ̀yìn ẹlòmíràn tó ń tẹrí gba àtẹ́wọ́. Bí òbí Yorùbá kan bá ń wá ẹni tí òun máa gbé ẹ̀bùn Kérésì fún, òun ni.

Àwọn tó jókòó ní ilé-ìwé ìjọ láyé ìjọ́sí mọ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ló ń lu dùùrù lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ń kọ́ kíláàsì ní ìṣirò lọ́jọ́ Ajé, tó tún ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn ilé-ìwé fún ìdíje orin. Ó ti ṣọ̀wọ́n. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2008, orin kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ mọ́, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ àwòrán, ijó àti eré oníṣe sínú iṣẹ́ kan ṣoṣo, olùkọ́ kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń ní kó kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀. Ìdí tí orin ilé-ìwé fi ń ya bàbá àgbà lẹ́nu báyìí kì í ṣe pé kò bá a níbẹ̀ rí. Ó bá a. Ojú rẹ̀ ló ṣe kúrò níbẹ̀.

Texas nìkan kọ́ ló ń ṣe irú àjọ̀dún yìí. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ l'Amẹ́ríkà ló ní tirẹ̀, àṣà kíkó àwọn ọmọ tó dáa jọ láti ibi gbogbo sì ti pẹ́: ní 1926 ni Joseph Maddy ti kó àwọn ọmọ ilé-ìwé girama láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ wá sí Detroit, tó fi wọ́n ṣe ọkẹ́sírà kan níwájú ìpàdé àwọn olùkọ́ orin. Èyí tó wuni jù láti gbọ́ ni ti Kentucky. Àwọn akọrin All-State tibẹ̀ máa ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní ìlú Louisville. Àárín ilé náà ṣófo láti ilẹ̀ dé òkè, àwọn yàrá sì yí i ká ní àjà lórí àjà. Bí alẹ́ bá ti lẹ́, tó ku díẹ̀ kí kálukú wọlé sùn, àwọn ọmọ á jáde síwájú ilẹ̀kùn wọn, wọ́n á dúró ti irin ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á sì kọ orin orílẹ̀-èdè wọn ní ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti òkè délẹ̀. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò sí adájọ́, kò sí ipò kìn-ín-ní. Àwọn àlejò tó ń wọ hòtẹ́ẹ̀lì á gbé báàgì wọn sílẹ̀, wọ́n á máa wòkè. Fídíò rẹ̀ ti kárí ayé, ọmọ tó bá wà nílé lè fi han baba lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé oyin ni gbogbo rẹ̀. Aṣọ ìkélé ń bo ojú, kì í bo àpò. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ti ń sanwó fún olùkọ́ àdáni lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kékeré ti ṣíwájú kó tó dé iwájú aṣọ. Fèrè kan tí wọ́n ń pè ní obo, èyí tó dáa tó sì jẹ́ tuntun, ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Ilé-ìwé a máa yá ọmọ ní irinṣẹ́, àmọ́ ilé-ìwé tó wà ní àdúgbò olówó ló ń ní ojúlówó, tó sì ń ní olùkọ́ tó pọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-ìwé kan fi ń kó orúkọ wálé lọ́dọọdún, tí àwọn mìíràn ò sì ní ẹyọ kan. Àwọn adájọ́ ò ṣojúsàájú. Ayé ti ṣe é kí wọ́n tó jókòó.

Ọ̀rọ̀ ipò náà tún wà níbẹ̀, ó sì ń ba àwọn ọmọ kan lọ́kàn jẹ́ gan-an. Ọmọ tó fi máàkì kan péré pàdánù á ti fèrè rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó parí nìyẹn. Àwọn òbí Yorùbá náà ń dá kún un. Ilé tí wọ́n ti ń pariwo pé kí ọmọ yé fi ariwo di àwọn létí, ilé yẹn náà ni wọ́n ti ń se ìrẹsì lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde, tí wọ́n ń pe pásítọ̀, tí wọ́n ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Bí orúkọ ò bá jáde, orin tán nílé yẹn, kó lọ jókòó ti ìwé rẹ̀, kó di dókítà. Nígbà tó jẹ́ pé ọmọ mẹ́ta péré ló ń dé ibẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kí ni wọ́n wá fẹ́ kí àwọn mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ṣe sí ohun tí wọ́n ti kọ́?

Ti kó di dókítà yẹn, ìtàn Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohun tó sọ sí i. Fẹlá Ṣówándé lọ sí London ní 1934, iṣẹ́ ẹnjiníà ló fẹ́ lọ kọ́. Orin ló gbé orúkọ rẹ̀ ga. Iṣẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ African Suite, tó kọ ní 1944, ọkẹ́sírà ṣì ń ta á lókè òkun. Ní 1950, Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídó lẹ́bàá Àgbádárìgì, gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ lọ sí Morehouse College ní Atlanta. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba lókè òkun ló ní lọ́kàn, ìlù ló wá fi di ẹni ńlá, nígbà tí àwo rẹ̀ Drums of Passion jáde ní 1960. Ní 1958 ni wọ́n ní kí Fẹlá Ransome-Kuti, tó padà wá ń jẹ́ Aníkúlápó, lọ kọ́ ìṣègùn ní London. Trinity College of Music ló gbà lọ. Ẹni tí orúkọ Fẹlá bá ń bà lẹ́rù, kó rántí pé bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti, ti kọrin sínú àwo ní London ní 1922, orin ìjọ sì pọ̀ nínú ohun tó kọ. Kì í ṣe pé kí gbogbo ọmọ wá di Fẹlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ All-State ni kì í fi orin jẹun lọ́jọ́ iwájú. Àwọn gan-an ló ń di dókítà tí baba ń wá.

Ọlátúnjí yìí ló wá gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tó ti ń dunni. Orin Kérésìmesì Yorùbá kan wà tí àwọn akọrin Amẹ́ríkà fẹ́ràn gan-an, Betelehemu ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ Ọlátúnjí ni orin náà ti dé Morehouse. Wendell Whalum, tó darí ẹgbẹ́ akọrin kọ́lẹ́ẹ̀jì náà láti 1953 títí tó fi kú ní 1987, ló tò ó sí ohùn-ohùn fún wọn. Láti ibẹ̀ ló ti wọ yunifásítì, ó wọ ilé-ìwé girama, ó wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ akọrin àṣàyàn. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá rí láyé rẹ̀, ọmọ òyìnbó, ọmọ Mẹ́síkò, ọmọ Ṣáínà, ń kọ ọ́ láìwo ìwé.

Ẹ wá rò ó wò. Ọmọ kan wà láàárín àwọn akọrin yìí, Ayọ̀midé lorúkọ rẹ̀, tàbí Olúwaṣeun. Ọ̀gá orin àlejò wo ìwé orúkọ, ó wo ìwé orin, ó yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ yìí gan-an? Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Gbogbo ojú á yí sí ọmọ náà. Ó wá ní láti sọ pé òun ò mọ̀, pé Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá òun àti ìyá òun ń bá òun sọ, pé ìgbà tí wọn ò bá fẹ́ kí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń sọ Yorùbá.

Ọmọ tó ka orin tí kò rí rí níwájú adájọ́, tó fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ sẹ́yìn, tí kò wá lè ka ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá rẹ̀ ń sọ lójoojúmọ́. Ìtìjú yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pípè náà kì í ṣe ohun kékeré. Yorùbá tó wà nínú ìwé orin lókè òkun kì í sábàá ní àmì ohùn lórí. Ẹ a di e, ọ a di o, ṣ a di s, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ a sì dà bí ọlọ́run bá ṣe fẹ́. Ọkọ a di ọkọ̀, ọkọ̀ a di ọkọ́, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀ nínú gbọ̀ngàn, àfi bí Yorùbá kan bá jókòó síbẹ̀ tó ń di ojú rẹ̀ mú. Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló jẹ irú gbèsè yìí o. T.K.E. Phillips, tó jókòó nídìí dùùrù Cathedral Church of Christ ní Marina l'Ékòó láti 1914 fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ti bá àwọn ará ilé fà á: ó ní èdè Yorùbá ní orin tirẹ̀ nínú, pé orin tí wọ́n bá fi wọ̀ ọ́ gbọdọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé lé e lórí, Yoruba Music, tó jáde ní 1953. Títí di òní, àwọn ìjọ ṣì wà tó ń fi orin òyìnbó lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́rùn lọ́jọ́ Ìsinmi, tí ẹnikẹ́ni kì í janpata.

Orin Áfíríkà ni wọ́n sì sábà máa ń fi kádìí irú eré yìí, tí ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á máa dún, tí èrò á dìde, tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Ó dùn ún wò. Ó tún dà bí ìgbà tí wọ́n fi orin àwọn yòókù ṣe oúnjẹ, tí wọ́n wá gbé ti Yorùbá wá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀pà tí wọ́n fi ń ṣeré lẹ́yìn oúnjẹ. Ọ̀gá orin tó bá mọ ìtumọ̀ ohun tó ń darí kì í sáré nídìí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kan wá wà níbẹ̀ tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó wà lábúlé lè ṣe, tí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ní Texas ò lè bá wọn ṣe. Bí ọmọ bá gba orin tó ní ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú, kí wọ́n ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sílé lórí WhatsApp. Bí ojú baba ò bá ríran dáadáa mọ́, ọmọ ilé-ìwé tó bá wà nítòsí á bá a kà á. Kí àgbà sọ ọ̀rọ̀ náà sínú fóònù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mejì. Kó má kọ ọ́ lórin o, kó sọ ọ́ bí ìgbà tó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kó wá ṣàlàyé ohun tó jẹ́. Ọmọ náà á gbé e fún olùkọ́ rẹ̀, olùkọ́ á fi sétí gbogbo ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń wá irú nǹkan báyìí tí kò rí ẹni tó máa bi. Dátà tó máa jẹ ò tó owó búrẹ́dì, ọmọ náà á sì ti gbọ́ Yorùbá láti ẹnu ẹni tó mọ̀ ọ́n, nípa ohun tó wù ú láti mọ̀. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n ní Houston. Kíláàsì Yorùbá tí wọ́n ń fipá mú ọmọ lọ lọ́jọ́ Sátidé kò rí irú ànfààní yẹn.

Ìdánwò ẹkùn ti àwọn akọrin máa ń bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù Kẹsàn-án. Bí ìpè bá tún wọlé lálẹ́ Sátidé, tí wọ́n ní ọmọ ò sí nílé, ohun tó yẹ kí baba béèrè ni pé orin wo ni wọ́n fún un, ohùn wo ló ń kọ níbẹ̀, aago mélòó ló máa dé kí òun lè tún pè.